Dókítà ní òun ti ṣàlàyé, aláìsàn ní òun kò gbọ́ nǹkan kan: ibo ni ọ̀rọ̀ ń gbà sọnù?

Alábàárìn_Iléṣà

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará wa. Ìbéèrè mi kan àwọn tó mọ̀ nípa ìtọ́jú jẹjẹrẹ dáadáa, yálà nọ́ọ̀sì, dókítà tàbí ẹni tó ń ṣe ògbufọ̀.

Àwọn kan ní Iléṣà níbí ń ṣètò alábàárìn, ìyẹn ẹni tó máa bá alárùn jẹjẹrẹ lọ sí ọ̀dọ̀ dókítà bí kò bá sí ọmọ nítòsí. Ohun kan náà là ń gbọ́ léraléra. Aláìsàn á jáde, wọ́n á bi í pé kí ni dókítà sọ, á ní, "Wọ́n ní kí n padà wá lọ́sẹ̀ mẹ́ta." Ó tán. Bí wọ́n bá bi dókítà, á ní òun ti ṣàlàyé gbogbo rẹ̀. Mi ò rò pé ẹnikẹ́ni nínú wọn ń purọ́.

Kí ni alábàárìn lè ṣe kí wọ́n tó wọlé, nígbà tí wọ́n bá wà nínú yàrá, àti lẹ́yìn tí wọ́n bá jáde? Ṣé òótọ́ sì ni pé bí wọ́n ṣe bá aláìsàn sọ̀rọ̀ lè mú kí ara tù ú tàbí kó dá kún ìnira rẹ̀, àbí ọ̀rọ̀ ìtùnú lásán ni? Mo mọ̀ pé èrò máa ń kún ẹnu ọ̀nà dókítà lọ́jọ́ kílíníìkì, torí náà ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún mi pé kí dókítà fara balẹ̀. Ohun tó ṣeé ṣe láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni mò ń wá.

Nọ́ọ̀sì_Kílíníìkì

Ẹ kú iṣẹ́ o, Alábàárìn. Ibi tí ẹnikẹ́ni kì í wò ni màá ti bẹ̀rẹ̀: ìkíni.

Dókítà á ní, "Màmá, ẹ káàárọ̀, ṣé ara le?" Màmá á ní, "A dúpẹ́ o, ẹ kú iṣẹ́." Ìkíni ni màmá dáhùn, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nílé. Àmọ́ dókítà ti kọ ọ́ sínú fáìlì pé kò sí ohun tó ń yọ aláìsàn lẹ́nu. Ìrora tí kò jẹ́ kó sùn fún alẹ́ mẹ́ta, ẹsẹ̀ tó ń kú, ìgbẹ́ tí kò rí yà láti ọjọ́ márùn-ún, gbogbo rẹ̀ ṣì wà nínú rẹ̀, nítorí kò sẹ́ni tó bi í lẹ́yìn ìkíni. Ẹ jẹ́ kí ìkíni parí, kí ẹ dákẹ́ díẹ̀, kí ẹ wá bèèrè ohun tí kò ṣeé fi "a dúpẹ́" dáhùn. "Lánàá, kí ni ẹ fẹ́ ṣe tí ara kò jẹ́ kí ẹ ṣe?" "Ẹ̀ẹ̀melòó ni ẹ jí lóru, kí ló sì jí yín?"

Bí dókítà kò bá bèèrè bẹ́ẹ̀, kí alábàárìn sọ ọ́ bí wọ́n bá ṣe ń jókòó: "Dókítà, nǹkan mẹ́ta ni màmá fẹ́ sọ lónìí." Ẹ dá iye rẹ̀. Bí ẹ bá ti ní mẹ́ta, dókítà á dúró de ẹ̀kẹta. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà, tó jáde lọ́dún 1984, fi hàn pé ìṣẹ́jú àáyá 18 ni aláìsàn fi ń sọ̀rọ̀ ní ìpíndọ́gba kí dókítà tó já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu rẹ̀. Nítorí náà, èyí tó wúwo jù ni kí ó kọ́kọ́ jáde. Àwọn àgbà wa kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n á ti di ilẹ̀kùn mú, wọ́n á ti dágbére, kí wọ́n tó rántí pé "ẹ̀jẹ̀ kan tún ń yọ o, dókítà."

Ìrora ńkọ́? "Ṣé ó ń dùn yín?" kò tó. Èdè wa ti la ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ fún wa, ẹ má da á pọ̀. Ríro yàtọ̀ sí títa, jíjó yàtọ̀ sí gígún. Bí aláìsàn bá ní "ó ń jó mi bí ẹni fi ata sí i", tàbí pé ó ń já ṣàì bí iná mànàmáná, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé iṣan tó ń gbé ìmọ̀lára ló fara gbá. Oògùn ìrora lásán kì í sábà ká irú ìyẹn, wọ́n lè fi amitriptyline tàbí irú rẹ̀ kún un. Bí ó bá ní "ó ń ro mí nínú egungun, níbí gan-an", ọ̀tọ̀ ni ohun tí dókítà máa lọ yẹ̀ wò. Ẹni tó bá túmọ̀ méjèèjì sí "pain" ti da ìdajì ìròyìn náà nù. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ìka díwọ̀n rẹ̀: bí ìka kankan kò bá nà, kò dùn rárá, ìka mẹ́wàá ni èyí tó burú jù tí wọ́n lè rò. Ẹ bèèrè ti ìsinsìnyí, ti ìgbà tó burú jù lánàá, àti ti wákàtí kan lẹ́yìn tí wọ́n lo oògùn. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú déètì. Dókítà tó bá rí "8, lẹ́yìn oògùn 7" kò nílò àlàyé mìíràn kó tó pààrọ̀ oògùn náà.

Èyí tó kàn yìí lè gba ẹ̀mí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ kà á dáadáa. Lẹ́yìn kímò, ìyẹn oògùn líle tí wọ́n fi ń bá jẹjẹrẹ jà, àwọn ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀ tó ń bá kòkòrò jà máa ń dínkù, ó sì sábà máa ń lọ sílẹ̀ jù láàárín ọjọ́ keje sí ìkẹrìnlá. Dókítà á sọ pé, "Bí ẹ bá ní ibà, ẹ tètè wá." Ibà wo? Létí tiwa, ibà ni ti ẹ̀fọn. Aláìsàn á gba ọ̀dọ̀ oníkẹ́míìsì lọ, á ra oògùn ibà pẹ̀lú paracetamol, ara á rọlẹ̀ fún wákàtí díẹ̀, kòkòrò á sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ nínú ẹ̀jẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó yẹ kó jáde lẹ́nu wa rèé: "Ẹ ra tẹmómítà. Bí ó bá ti kan 38, ìbáà jẹ́ aago méjì òru, ẹ máa bọ̀. Ẹ má lo paracetamol kí ẹ tó wọ̀n ọ́n. Ẹ má dúró di ilẹ̀ mọ́. Bí ẹ bá dé yàrá pàjáwìrì, kí gbólóhùn àkọ́kọ́ lẹ́nu yín jẹ́: mo gba kímò ní ọjọ́ báyìí." Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn ni wọ́n máa ń gbàgbé jù, dókítà tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lóru á sì tọ́jú wọn bí ẹni tí ẹ̀fọn jẹ.

Ọ̀kan kékeré tún wà. Doxorubicin, ọ̀kan nínú àwọn oògùn kímò, pupa bí sóbò. Ìtọ̀ lè pupa fún ọjọ́ kan tàbí méjì lẹ́yìn rẹ̀, àwọ̀ oògùn ni, kì í ṣe ẹ̀jẹ̀. Ẹni tí wọn kò bá sọ fún á rò pé kíndìnrín òun ti bàjẹ́, ó sì lè má padà wá gba ẹlẹ́ẹ̀kejì.

Níparí, "ṣé ó yé yín?" kì í ṣe ìbéèrè nílẹ̀ wa. Ìdáhùn rẹ̀ ti wà nílẹ̀ tipẹ́: "Ó yé mi, ẹ ṣé." Kò sẹ́ni tó máa wo ojú dókítà kó ní kò yé òun. Ẹ yí i padà báyìí: "Bí ẹ bá délé tí àbúrò yín bi yín pé kí ni dókítà sọ, kí ni ẹ máa wí?" Ibi tí wọ́n bá dúró sí, tàbí tí wọ́n ṣìnà sí, ibẹ̀ nìkan ni kí ẹ tún ṣe. Kò gba ju ìṣẹ́jú kan lọ. Bí dókítà kò bá rí àyè rẹ̀, ẹ ṣe é lórí bẹ́ǹṣì níta kí ẹ tó wọ ọkọ̀, nígbà tí ẹ ṣì lè padà wọlé lọ béèrè.

Ògbufọ̀_Ifẹ̀

Nọ́ọ̀sì ti bá wa sọ ọ́ dójú àmì. Tèmi ni ọ̀rọ̀ tí à ń lò gan-an, nítorí ẹnu ògbufọ̀ ni nǹkan ti máa ń yí padà.

Ẹ wo "ìwòsàn". Wò, kó sàn. Dókítà á fi Gẹ̀ẹ́sì sọ pé àwọn máa "treat" aláìsàn, ọmọ rẹ̀ tó dúró ti í á ní, "Wọ́n ní àwọn máa wò yín sàn." Ìlérí tí dókítà kò ṣe ti wọlé. Ilé tí a wà nígbà yẹn pàápàá ń jẹ́ ilé ìwòsàn, ẹ̀bi wo ni ti aláìsàn? Bí jẹjẹrẹ bá ti tàn dé ẹ̀dọ̀ tàbí egungun, ohun tí kímò sábà máa ń ṣe ni pé ó ń dín in kù, ó ń fa ọjọ́ gùn, ó ń dẹ ìnira. Fún ọ̀pọ̀ jùlọ irú rẹ̀, kì í mú un kúrò pátápátá. Ẹ lo "tọ́jú", kí ẹ sì sọ ibi tí ìtọ́jú náà dé: "A máa tọ́jú yín kí ó lè rọlẹ̀, kí ó má fi bẹ́ẹ̀ ni yín lára. A kò retí pé ó máa tán pátápátá." Ẹ má rò pé àìkàwé ló ń fà á. Ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2012 bi àwọn tó ń gba kímò fún jẹjẹrẹ tó ti tàn. Nínú àwọn tó ní ti ẹ̀dọ̀fóró, ìdá 69 nínú ọgọ́rùn-ún ni kò fi hàn pé ó yé àwọn pé kímò náà kò lè mú un kúrò. Ti ìfun ńlá jẹ́ ìdá 81. Ohun tí a sì máa ń fi àìyé yìí ṣe níbí ni kí ẹbí ta ilẹ̀.

"Pọ́sítífù" tún burú jù. Lára ọ̀pọ̀ èèyàn, àrùn kan ṣoṣo ni ọ̀rọ̀ yẹn ń tọ́ka sí, HIV. Dókítà á ní ER, àyẹ̀wò kan tí wọ́n ń ṣe lórí jẹjẹrẹ ọyàn, jẹ́ pọ́sítífù, àwọ̀ aláìsàn á yí padà. Bẹ́ẹ̀ ìròyìn tó dára díẹ̀ ni: ó túmọ̀ sí pé omi ara obìnrin tí wọ́n ń pè ní họ́mọ́nù ló ń bọ́ jẹjẹrẹ náà, oògùn oníhóró bíi tamoxifen sì lè dí i lọ́nà, ọ̀kan lójúmọ́ fún ọdún márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní kókó abíyá pọ́sítífù, ìyẹn ni pé ó ti dé ibẹ̀, kò dára. Bí wọ́n bá sì ní etí ibi tí wọ́n gé jẹ́ nẹ́gétífù, ó dára, wọn kò rí jẹjẹrẹ ní etí ohun tí wọ́n gé jáde. Ọ̀rọ̀ kan, ojú mẹ́ta. Ẹ má túmọ̀ rẹ̀ rárá, ẹ bi dókítà pé "Èyí ṣe wá lóore àbí kò ṣe wá lóore, kí ni a sì máa ṣe sí i?"

Àwọn dókítà wa tún ní àṣà kan, wọ́n á dúró lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì, wọ́n á máa pe é ní "CA" tàbí "mitotic lesion" kí aláìsàn má baà gbọ́. Ó ń gbọ́. Kò mọ ohun tó túmọ̀ sí, àmọ́ ó rí i pé ohùn gbogbo wọn rẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. "Kókó" nìkan pẹ̀lú kò dára, torí kókó ni à ń fi òrí pa, à ń retí kó yọ́. Ẹni tí wọ́n sọ fún pé kókó ni òun ní kò rí ìdí tó fi yẹ kó sáré. Ẹ dárúkọ rẹ̀: jẹjẹrẹ. Kí ẹ wá dákẹ́, kí ẹ ka ení dé ẹẹ́wàá nínú ọkàn yín, nítorí ohunkóhun tí ẹ bá sọ ní ìṣẹ́jú tó tẹ̀ lé orúkọ yẹn, afẹ́fẹ́ ni ẹ ń sọ ọ́ fún. Lẹ́yìn ìdákẹ́jẹ́ ni kí ẹ sọ irú tí ó jẹ́, ibi tó dé, àti ohun tí a máa kọ́kọ́ ṣe. Mẹ́ta yẹn péré. Ìyókù dìgbà mìíràn.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ìtọ́jú onítànṣán (radiotherapy). Ẹ má pè é ní iná. Ẹni tí wọ́n bá sọ fún pé wọ́n fẹ́ lọ fi iná jó òun ní Ìbàdàn, kí ló máa bá lọ?

Fún ẹni tó ń túmọ̀: ẹ jókòó kí aláìsàn lè rí ojú dókítà, kì í ṣe tiyín. Gbólóhùn méjì, ẹ túmọ̀. Gbólóhùn méjì, ẹ túmọ̀. Ẹ sọ nọ́ńbà lẹ́ẹ̀mejì. Bí aláìsàn bá ní "ẹ̀rù ń bà mí", ẹ má sọ fún dókítà pé "ó ní òun ti gbọ́". Ẹ má sì fi ọmọ tàbí ọkọ ṣe ògbufọ̀ bí ẹlòmíràn bá wà, torí ìfẹ́ á mú wọn gé ọ̀rọ̀ kúrú. Dókítà tí kò gbọ́ Yorùbá wà, èyí tó gbọ́ Yorùbá ìwé tí kò gbọ́ Ìjẹ̀ṣà pọ̀ jù ú lọ.

Ọmọ_Òṣómàáló

Gbogbo èyí dùn létí, àmọ́ mi ò fara mọ́ dídárúkọ rẹ̀ lójúkojú. A kì í fi gbogbo ẹnu sọ̀rọ̀. Ẹ sọ fún ẹni ọdún 75 pé jẹjẹrẹ ló wà lára rẹ̀, ìpayà ló máa kọ́kọ́ pa á kí àrùn tó débẹ̀. Ẹbí ni wọ́n máa ń pè sẹ́yìn kọ́ńtà, àwọn ni wọ́n ń sanwó, àwọn ni wọ́n mọ ohun tí ẹni wọn lè gbà. Ọ̀nà àwọn òyìnbó kọ́ là ń tọ̀ níbí.

Dókítà_Abẹ

Ọmọ_Òṣómàáló, ọ̀rọ̀ yín ní ẹsẹ̀ nílẹ̀. Àwọn aláìsàn kan wà tí wọn kò fẹ́ gbọ́ rárá, ẹ̀tọ́ wọn sì ni. Ohun tí mo tako ni kí ẹlòmíràn bá wọn yàn án. Òfin Ìlera ti orílẹ̀-èdè wa, ti ọdún 2014, kò fi èyí sílẹ̀ fún ẹbí: aláìsàn ni kí olùtọ́jú sọ ipò ìlera rẹ̀ fún (àyàfi bí ẹ̀rí tó lágbára bá wà pé gbígbọ́ rẹ̀ máa pa á lára), pẹ̀lú àwọn ọ̀nà ìtọ́jú tó wà, èrè wọn, ewu wọn àti iye tí wọ́n máa ná an. Ó ní kí ó jẹ́ ní èdè tó gbọ́ níbi tó bá ti ṣeé ṣe, kí wọ́n sì wo bí ó ṣe kàwé tó. Ẹ ò rí i pé Yorùbá nínú yàrá dókítà kì í ṣe ojú rere.

Ohun tó ń da gbogbo rẹ̀ rú ni pé a máa ń bèèrè lọ́jọ́ tí kò yẹ. Lọ́jọ́ tí èsì àyẹ̀wò bá jáde, ọmọ tó sanwó láàbù ló máa gbà á, á ka "carcinoma", ìyẹn jẹjẹrẹ, á wá a lórí Google lẹ́nu géètì, á sì wọlé tọ dókítà pé "ẹ má sọ fún màmá". Ìjà ti bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ tí a fẹ́ gé díẹ̀ lára kókó náà fún àyẹ̀wò ni kí a ti bi aláìsàn, nígbà tí a kò tíì mọ nǹkan kan: "Bí èsì yìí bá jáde, ṣé ẹ̀yin fúnra yín lẹ fẹ́ gbọ́ ọ tán, àbí díẹ̀ díẹ̀, àbí ẹnì kan wà tí ẹ fẹ́ kó jókòó tì yín? Ta ló lè bá yín gbà á?" Ẹ kọ ìdáhùn rẹ̀ sínú fáìlì pẹ̀lú orúkọ ẹni náà. Bí ọmọ bá wá dé, a ní ohun tí a máa fi hàn án. Ẹni ọdún 75 tó bá ní "akọ́bí mi ni kí ẹ sọ fún", a ó sọ ọ́ fún akọ́bí rẹ̀, ìfẹ́ rẹ̀ la tẹ̀ lé.

Bí a bá sì fi pamọ́, kí ni a rí? Obìnrin tó rò pé fítámìn ni tamoxifen kò rí ìdí tó fi máa lò ó fún ọdún márùn-ún. Á dá a dúró nígbà tí ooru bá bẹ̀rẹ̀ sí í mú un lóru. Ẹni tí wọ́n gé ọyàn rẹ̀ fún "kókó" á máa bínú títí, ó sì tọ́ kó bínú.

Ẹ tún jẹ́ kí n mẹ́nu ba ohun tí a kì í ṣàlàyé fún àwọn ẹbí, bẹ́ẹ̀ àwọn la sábà máa ń gbé e lé lọ́wọ́: ìgò tí ẹran àyẹ̀wò wà nínú rẹ̀. A ní "ẹ gbé e lọ sí láàbù", ó parí. Kò sẹ́ni tó sọ pé fọ́málìn ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ló gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀, kì í ṣe omi, kì í ṣe ẹ̀mu líle, pé kí fọ́málìn náà tó ìlọ́po mẹ́wàá ẹran, pé kí ẹran wọ inú rẹ̀ láàárín wákàtí kan, kí ẹnu ìgò sì fẹ̀, torí ẹran máa ń le, kò sì ní ṣeé mú jáde mọ́ lẹ́nu ìgò tóóró. Fún àyẹ̀wò ER, PR àti HER2, tó ń sọ oògùn tó lè ṣiṣẹ́ lórí jẹjẹrẹ ọyàn, wákàtí 6 sí 72 ni ẹran ọyàn gbọ́dọ̀ lò nínú fọ́málìn. Ẹni tó bá gbé e sílé lọ́jọ́ Ẹtì tí ó di Ọjọ́rú kó tó gbé e lọ lè mú kí èsì yẹn parọ́, kí obìnrin náà sì pàdánù oògùn tó yẹ kó rí gbà. Gbólóhùn méjì ló máa gbà wá láti sọ ọ́.

Ìbéèrè yín lórí bóyá ọ̀rọ̀ ń tún ara ṣe. Bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ kì í ṣe ohùn dídùn ló ń ṣe é. Lọ́dún 2010, wọ́n tẹ ìwádìí kan jáde ní Amẹ́ríkà lórí àwọn 151 tí jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró wọn ti tàn. Wọ́n fún ìdajì ní ìtọ́jú tí a mọ̀. Ìdajì tó kù gba ìyẹn, wọ́n sì tún ń rí àwọn tó mọ̀ nípa dídẹ ìnira láti ìbẹ̀rẹ̀, àwọn tí púpọ̀ nínú iṣẹ́ wọn jẹ́ ìjókòó sọ̀rọ̀: kí ló ń ni yín lára, kí ni ó yé yín nípa àìsàn yìí, kí ni ẹ fẹ́. Ayé àwọn ìdajì kejì yìí tù wọ́n ju ti àwọn ìyókù lọ, ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn wọn kéré, kímò tí wọ́n gbà lópin kéré, síbẹ̀ wọ́n lo oṣù 11.6 láyé nígbà tí àwọn yòókù lo 8.9. Ìwádìí mìíràn, tí èsì rẹ̀ jáde ní 2017, lo 766 aláìsàn: àwọn kan ń tẹ ohun tó ń ṣe wọ́n sórí kọ̀ǹpútà, bó bá burú, ìkìlọ̀ á lọ bá nọ́ọ̀sì. Oṣù 31.2 ni wọ́n lò, àwọn tí wọ́n tọ́jú lọ́nà àtijọ́ lo 26.0. Kò sí oògùn tuntun níbẹ̀. Ẹnì kan gbọ́ nípa èébì, ìrora àti èémí kíkúrú kí ó tó pẹ́ jù.

Ọ̀nà kan wà tí wọ́n ń pè ní SPIKES, tí Walter Baile, Robert Buckman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn gbé jáde ní 2000, ìgbésẹ̀ mẹ́fà láti fi sọ ìròyìn burúkú. Èmi á ní kí dókítà tí kò ráyè má fi méjì nínú rẹ̀ ṣeré: kí ó bèèrè ohun tí aláìsàn ti mọ̀ kí òun tó sọ tòun, kí ó sì bèèrè bó ṣe fẹ́ gbọ́ tó. Àwọn tó kù, ìjókòó, ìdákẹ́jẹ́, ètò ohun tó kàn, dókítà tó ní ojú àánú á bá wọn pàdé lójú ọ̀nà.

Nípa ohun tí alábàárìn máa kọ: ẹ rántí David Morley, dókítà àwọn ọmọdé láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà níbí àti ní Ìmẹ̀sí-Ilé, níparí àwọn ọdún 1950, ló ti ṣe káàdì ìdàgbàsókè ọmọ tí ìyá ń gbé sọ́wọ́ lọ sílé. Fáìlì ọsibítù ń sọnù, ti ọwọ́ ìyá kì í sọnù. Ẹ ṣe irú rẹ̀ fún alárùn jẹjẹrẹ: ìwé kékeré nínú náílọ́nù. Orúkọ àrùn, ọjọ́ àyẹ̀wò àti nọ́ńbà láàbù, ER, PR, HER2, orúkọ kímò àti ìwọ̀n rẹ̀, ẹlẹ́ẹ̀kelòó nínú mélòó, déètì, iye ẹ̀jẹ̀ kí wọ́n tó gba ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá gbé wọn lọ sí UCH ní Ìbàdàn fún ìtànṣán, ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ bèèrè nìyí, ẹni tí kò bá ní i lè padà sílé lọ́wọ́ òfo. Ẹ sì bèèrè iye gbogbo kímò náà lápapọ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Bí ó bá jẹ́ mẹ́jọ, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mẹ́ta, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó oṣù mẹ́fà. Ẹni tó mọ owó ìkíní nìkan ló máa ń dúró sí ìkẹta.

Alábàárìn_Iléṣà

Ẹ ṣeun gan-an ni, mo ti ń tẹ èyí sínú ìwé. Ìbéèrè mẹ́ta ló kù. Bí aláìsàn bá ní "kì í ṣe tèmi, mi ò gbà á lórúkọ Jésù", kí ni alábàárìn máa ṣe? Àgbo ńkọ́? Bí ó bá sì yíjú sí alábàárìn nínú ọkọ̀ tó bèèrè pé, "Ṣé mo máa kú ni?"

Nọ́ọ̀sì_Kílíníìkì

Ẹ má bá àdúrà jà. Ẹ bèèrè pé, "Kí ni ẹ ń gbàdúrà fún gan-an?" Ẹni tó ní kó lọ pátápátá yàtọ̀ sí ẹni tó ní kí òun lè jókòó níbi ìgbéyàwó ọmọ òun lóṣù Kejìlá, tàbí kí òun rí oorun sùn. Èyí tó gbẹ̀yìn, oògùn wà fún un lónìí. Ẹ sọ ọ́ fún dókítà bí wọ́n ṣe sọ ọ́, ó lè mú un ṣètò kímò kó má bọ́ sí ọ̀sẹ̀ ìgbéyàwó náà.

Àgbo: bí ẹ bá ní "ṣé ẹ ń lo àgbo?" pẹ̀lú ojú líle, "rárá" lẹ máa gbọ́. Ẹ ní, "Kí ni àwọn nǹkan mìíràn tí ẹ ń lò pẹ̀lú oògùn wa, ti ilé, ti ṣọ́ọ̀ṣì, ti kẹ́míìsì?" kí ẹ sì gbé báírò bí ẹni tó fẹ́ kọ ọ́. Ẹ̀dọ̀ ló ń ṣiṣẹ́ lórí ọ̀pọ̀ oògùn kímò. Bí àgbo bá ti ń da ẹ̀dọ̀ láàmú, dókítà lè rò pé kímò ló fà á, kó dín in kù láìnídìí. Ewé rẹ̀ tàbí ìgò rẹ̀, ẹ mú un wá.

"Ṣé mo máa kú?" Ẹ má dáhùn bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má dáhùn "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́" pẹ̀lú, torí ìkejì yìí ti ilẹ̀kùn. Ẹ ní, "Kí ló mú yín ronú kàn án lónìí?" kí ẹ sì gbọ́ ọ tán. Ó lè jẹ́ ẹni tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì tó kú lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó sì lè jẹ́ mọfíìnì tí wọ́n kọ fún un, torí àwọn èèyàn gbà pé oògùn àwọn tó ń lọ ni. Oògùn ìrora ni. Olómi rẹ̀, wákàtí mẹ́rin mẹ́rin ni wọ́n sábà máa ń lò ó nítorí agbára rẹ̀ kì í pẹ́ jù bẹ́ẹ̀, a kì í dúró kí ìrora padà dé. Oògùn ìgbẹ́ ni kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ inú kíkún ni wọ́n máa torí rẹ̀ pa á tì. Bí ó bá jẹ́ pé ìbéèrè náà gan-an ni, ẹ ní, "Ẹ jẹ́ kí a bi dókítà papọ̀," kí ẹ kọ ọ́ sókè pátápátá ní ojú ewé tuntun, kí ó jẹ́ ìkíní nínú mẹ́ta tí ẹ máa dárúkọ.

Ẹ wá fi okùn so báírò mọ́ ìwé náà. Báírò ló máa ń sọnù.